Ọgọ́ta Àwòrán, Ọwọ́ Méjì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Dókítà Àgbà pe èmi àti Dádì wọn sí ọ́fíìsì láàárọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Obìnrin yìí kì í ti ilẹ̀kùn bí ọ̀rọ̀ ò bá nípọn. Ìwé kan ló gbé síwájú wa pé ká fọwọ́ sí. Láti òní títí di ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún, èmi àti ọkọ mi ò gbọdọ̀ bá ara wa sọ ohunkóhun nípa àwòrán tí a bá ń kà, ì báà jẹ́ níbi iṣẹ́, ì báà jẹ́ nílé, ì báà jẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo ní, "Dókítà, ṣé ó di dandan kí bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀?"

Ó ní, "Mo mọ ẹ̀yin méjèèjì. Tí mi ò bá kọ ọ́, ẹ máa ní mi ò kọ ọ́."

Dádì wọn ti fọwọ́ sí tiẹ̀ kí n tó rí awò ojú mi yọ nínú báàgì.

Ọgbọ̀n èèyàn ló ń lo oògùn tuntun kan fún ọ̀rá tó ń dì mọ́ inú iṣan ọkàn. Wọ́n ti ya àwòrán inú iṣan kálukú wọn lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn àti lẹ́yìn ọdún kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta. Akọ̀wé ti yọ orúkọ kúrò lára wọn, ó ti yọ déètì, ó ti pò wọ́n pọ̀ bíi káàdì, a ò sì mọ èyí tó ṣáájú. Kálukú wa á jókòó sí yàrá tiẹ̀, á fi máòsì fa ìlà kan yí ihò tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ká, á tún fa òmíràn yí ẹ̀yìn iṣan ká. Ohun tó bá wà láàárín méjèèjì la máa kà sí ọ̀rá dídì. Bí iye tèmi àti tiẹ̀ bá bára mu tó àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, tí àwọn alábòójútó ìwádìí sì tẹ́wọ́ gbà á, irú àwòrán yìí á máa dúró sí ilé ìwòsàn wa. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á kó o fún ẹlòmíì, àwa méjèèjì á sì padà sí yàrá àwọn aláboyún.

Mi ò fẹ́ padà. Ọdún méjìlélógún ni mo fi wo ọmọ inú oyún nínú ẹ̀rọ, Dádì wọn fi ogún, yàrá yẹn náà la ti pàdé. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n ojú mi ti kún fún wọn. Lọ́dún tó kọjá tí Dókítà ní ká wá kọ́ ti ọkàn, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ṣí fèrèsé fún mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Màmá bi wá léèrè nídìí oúnjẹ ohun tó dé tí ẹnu wa wúwo. Ìyá tó bí Dádì wọn ni Màmá, ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ wa. Àwọn nìkan ni mo máa ń pè ní "wọ́n" nínú ìwé yìí. Ọkọ mi, "ẹ" ni lójú, "ó" ni níbí. Ìwé tèmi ni.

Mo ní kí wọ́n wo kẹ́tùlù wa, bí nǹkan funfun ṣe dì mọ́ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá ṣe ń dì mọ́ inú iṣan ọkàn, èèyàn sì lè wò ó láti ìta kó má rí i. Torí náà, wọ́n máa ń ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ọrùn ọwọ́ wọlé títí dé ọkàn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí okùn náà tó ń ké, tó sì ń gbọ́ bí ohùn ara rẹ̀ ṣe ń padà bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń fa okùn yẹn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ ló ń ya iṣan náà ní róbótó róbótó, bí ẹni ń gé kárọ́ọ̀tì.

Màmá ní, "Ohùn ló ń ya fọ́tò?"

"Ohùn ni, Màmá."

"Ta ló ni iṣan náà?"

"A ò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n ti abọ́ ọbẹ̀ sún mọ́ wa. "Ẹ ń wo inú ọkàn ẹni tí ẹ ò mọ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ bá ara yín sọ ọ́. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹun."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Àwòrán mẹ́ta. Ọrùn ń ro mí. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ sórí aṣọ tí mo sá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Lónìí mo rí iṣan kan tó wù mí wò. Òjìji ò sí nínú rẹ̀, kò sí ibi tó le bí eegun tó ń ṣíji bo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ìlà funfun tó yí ihò náà ká tàn yòò, mo sì gba ìta rẹ̀ fa tèmi wẹ́rẹ́, bí mo ṣe máa ń ṣe é yí orí ọmọ inú oyún ká. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá. Mo jókòó, mo ń yin ara mi.

Omi ń jò sí yàrá Dádì wọn, wọ́n ti gbé òun àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Ó ní ibẹ̀ dákẹ́, ó sì ń ta sánsán ọṣẹ. Àlùbọ́sà ti gbówó lérí.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Àwòrán kẹtàdínlógún le. Ibì kan wà níbẹ̀ tí ọ̀rá náà rọ̀ débi pé èèyàn ò mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ parí sí, tí ara iṣan ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé máòsì sílẹ̀, mo mumi. Mo bi ara mi pé níbo ni Dádì wọn máa gba èyí, mo rẹ́rìn-ín, mo fa ìlà mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Akọ̀wé fi ogún àkọ́kọ́ wéra lónìí. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún!

Dókítà Àgbà bọ́ bàtà, ó jó yí tábìlì ká, obìnrin ọgọ́ta ọdún. Akọ̀wé, tí kì í rẹ́rìn-ín fún ẹnikẹ́ni, yọ ojú sí wa látòkè awò rẹ̀, ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ka iye, mi ò rí irú èyí rí." Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i, màá so ó mọ́ ògiri.

Dádì wọn súfèé títí a fi délé. Ó súfèé nígbà tó ń fọ àwo. Màmá ní ṣé àwọn ń gbé pẹ̀lú ẹyẹ ni. Inú mi dùn bíi ti ọmọdé tó gba ẹ̀bùn nílé ìwé, mi ò sì ní parọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin

Dókítà ní kí n fi bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ han nọ́ọ̀sì méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ẹ̀ka wa. Okùn kan wà tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tí a fi ń kọ́ni. Mo rọ omi sínú abọ́, mo ti okùn náà gba inú ọ̀pá ike tóóró kan, mo ya àwòrán rẹ̀, mo fa ìlà yí ihò ọ̀pá náà ká, mo sì ní kí wọ́n wo bó ṣe rọrùn. Ẹ̀rọ gbé iye jáde: mílímítà mẹ́ta pọ́íǹtì méjì.

Èyí tó kéré nínú wọn gbé páálí ọ̀pá náà sókè. "Àǹtí, mẹ́ta ni wọ́n kọ síbí."

Mo ní àṣìṣe lásán ni. Mo tún un ṣe. Mẹ́ta pọ́íǹtì méjì. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi ò yẹ̀ rárá, ohun kan náà ló gbé jáde. Mo wá gbìyànjú láti fa ìlà náà gba inú ìlà funfun dípò ìta rẹ̀. Mẹ́ta géérégé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà, mo ní kí wọ́n máa lọ jẹun.

Orí ọmọ ni. Tí a bá ń wọn orí ọmọ inú oyún, ìta eegun la máa ń gbà, torí orí lódindi la fẹ́ mọ̀. Ọdún méjìlélógún ni ọwọ́ mi ti ń gba ìta. Ṣùgbọ́n inú iṣan, ibi tí funfun yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti parí. Ìta tí mo ń gbà ti ń fi àyè kún ọ̀nà tí kò ní àyè. Mo ti sọ ọ̀rá dídì di ẹ̀jẹ̀ nínú àwòrán mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Bí iye tèmi àti ti Dádì wọn bá sì bára mu tó bẹ́ẹ̀, òun náà ti ṣì í nìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ṣí ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n fún wa fún iṣẹ́ yìí láàárọ̀. Ojú ewé kẹsàn-án ni wọ́n kọ ibi tó yẹ kí ìlà gbà sí, pẹ̀lú àwòrán ńlá tí ọmọ ọdún mẹ́wàá á lóye: ìlà pupa nínú, funfun lẹ́yìn rẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i. Mo ní ti àwọn tí kò wọn nǹkan rí nìyí, mo ṣí i kọjá. Ìgbéraga mi ló fà á, mi ò ní ẹlòmíì tí màá dá lẹ́bi.

A dúpẹ́ pé ìwádìí lásán ni, wọn ò tíì fi iye wa pinnu ohunkóhun lára ẹnikẹ́ni.

Dádì wọn ṣì ń súfèé. Ó bi mí pé ṣé ara mi ò yá. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ó lọ po omi gbígbóná wá, ó gbé ẹsẹ̀ mi sínú rẹ̀, kò sì béèrè nǹkan míì. Ó ṣòro fún mi láti wo ojú rẹ̀.

Tí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n lè rí i lójú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ bá Dókítà Àgbà kó tó bọ́ kóòtù. Mo gbé abọ́ omi, ọ̀pá ike àti okùn dání bí ẹni ń kiri ọjà, mo sì ṣe é lójú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní ìta, lẹ́ẹ̀kan nínú.

Ó ní, "Ṣé o ti sọ fún ọkọ rẹ?"

"A fọwọ́ síwèé, mà."

"Tó o bá dákẹ́, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún la máa fi gbé e kalẹ̀."

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló dé tó ò dákẹ́?"

Mo ní ihò tí mo fà gbòòrò ju ihò tó wà níbẹ̀ lọ, ẹnì kan ló sì ni ihò náà. Mi ò mọ ọ̀nà míì tí mo lè gbà sọ ọ́.

Ó na ọwọ́ gba ọ̀pá ike náà lọ́wọ́ mi, ó sì fi sínú àpò kóòtù rẹ̀. Ó ní òun náà jẹ̀bi. Ó yẹ kí òun ti ní ká wọn ọ̀pá yẹn ní ọjọ́ kìíní, kàkà bẹ́ẹ̀ ńṣe lòun ń jó.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Dókítà ti sọ fún un. Mo mọ̀ torí pé súfèé ti dákẹ́.

Ó wakọ̀ gbé wa délé. Ó jẹun, ó yin oúnjẹ, ó lọ jókòó ti Màmá níbi rédíò. Màmá gbé rédíò sílẹ̀, wọ́n wo èmi, wọ́n wo òun, wọ́n tún gbé rédíò sókè.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá

A ń ká aṣọ lẹ́yìnkùlé, òjò ti ń ṣú. Dádì wọn di igun bẹ́ẹ̀dìṣíìtì mú, mo di igun kejì mú, ó wá ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà."

Mo ní, "Tó bá jẹ́ ti àwòrán ni, ẹ má sọ ọ́. A fọwọ́ síwèé."

"Ọ̀rọ̀ àwòrán kọ́, ọ̀rọ̀ tìẹ ni."

Ó ní ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun ti rí ojú ewé kẹsàn-án yẹn. Òun kà á dáadáa. Òun fa àwòrán mẹ́ta gba inú, bí ìwé ṣe wí. "Mo wá rò ó pé ọwọ́ tìẹ, ìta ló máa gbà. Mo mọ bí ọwọ́ rẹ ṣe ń rìn, ogún ọdún ni mo ti ń wò ó. Mo ní tí ọwọ́ rẹ bá gba ìta, á jẹ́ pé èmi ni mi ò lóye ìwé, torí ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Mo padà lọ tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe. Láti ìgbà náà, mi ò wo iṣan mọ́. Ibi tí ìwọ máa gbà ni mò ń wá."

Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá mi jiyàn lórí ibi tó yẹ kí garawa wà?"

"Garawa yàtọ̀."

"Ẹ̀yin tí ẹ ní mi ò mọ iyọ̀ sí ọbẹ̀?"

"Nǹkan tí mo mọ̀ nìyẹn," ó ní. "Iṣẹ́ yìí, ìwọ ni mo gbà gbọ́."

Inú bí mi gan-an. Lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára débi tí mi ò lè pariwo. Ogún ọdún tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò sọ irú ẹ̀ fún mi rí, ó wá jẹ́ pé ọjọ́ tí ó ba iṣẹ́ wa jẹ́ ló sọ ọ́. Mo sì mọ̀ pé ọwọ́ tèmi náà ò mọ́. Mo sọ fún un nípa àwòrán kẹtàdínlógún, bí mo ṣe béèrè lọ́kàn mi pé níbo ni òun máa gbà, àti pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré.

Òjò dé bá wa níbẹ̀. Màmá pariwo látojú fèrèsé pé ṣé aṣọ yẹn la fẹ́ tún fọ̀ ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Àwa méjèèjì la jọ lọ bá Dókítà. Dádì wọn ló sọ tiẹ̀ ṣáájú, mo sọ tèmi tẹ̀lé e.

Ó gbọ́ tán. Ó ní, "Èèyàn méjì ni mo gbà síṣẹ́. Ọwọ́ kan ló ṣe é."

Kò jágbe mọ́ wa, ì bá sàn kó jágbe. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn alábòójútó níwájú wa, kò fi nǹkankan pa mọ́ nínú rẹ̀, títí kan pé òun tó jẹ́ ọ̀gá ò yẹ ọwọ́ wa wò. Ó ní ká lọ sílé, ká má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà títí èsì á fi dé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Èsì dé. Ká tún gbogbo ọgọ́ta kà, láti orí ẹyọ kìíní. Akọ̀wé á tún wọn pò, á fún wọn ní nọ́ńbà tuntun. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kálukú wa á kọ́kọ́ wọn ọ̀pá ike. Déètì ò yẹ̀: ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún. Tí a bá tún kùnà, ó parí nìyẹn.

Mo ṣírò ọjọ́ iṣẹ́ tó kù. Mẹ́ta lójúmọ́, kò sí àyè fún ibà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Kò rọrùn láti gba ọwọ́ ara ẹni padà. Ìṣẹ́jú kan tí mo bá gbàgbé, ó ti gbé máòsì lọ sí ìta. Mo ti kọ "INÚ" sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń gbálẹ̀ béèrè pé inú kí ni.

Mẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìyípadà kan dé. Ibi tó bá ṣókùnkùn, mo máa ń sún àwòrán síwájú, mo máa ń sún un sẹ́yìn, títí ẹ̀jẹ̀ á fi mì. Ẹ̀jẹ̀ máa ń mì lójú àwòrán bí ìràwọ̀ kéékèèké, ọ̀rá kì í mì. Ibi tí mímì bá ti dúró ni mo ń gba ìlà mi. Tẹ́lẹ̀, mi ò ní sùúrù fún ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n lọ́kàn pé ẹnì kejì á gba ibi tí mo gbà.

Ó ń dùn mọ́ mi. Mo ń wo iṣan, mi ò wo ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún

Iná lọ fún wákàtí mẹ́rin. Ẹyọ kan péré. Mo bú ẹni tí mi ò mọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Apá ọ̀tún mi ò ṣeé gbé sókè. Màmá fi aṣọ ìnura tí wọ́n kì bọ omi gbígbóná tẹ ejìká mi, wọ́n sì ní kí n sọ fún wọn lóòótọ́, ṣé èmi àti ọmọ àwọn ń jà ni, torí pé a ò jọ ń jókòó mọ́ lẹ́yìn oúnjẹ.

Mo ní a ò jà. Mo ní iṣẹ́ wa ni kí kálukú fi ojú ara rẹ̀ ríran, a sì ń gbìyànjú ẹ̀.

"Láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ra yín?"

"Láti oṣù tó kọjá, Màmá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí aṣọ ìnura fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo parí. Ọgọ́ta, pé pérépéré. Mo ti fáìlì, mo fọwọ́ lé e. Dádì wọn ti parí tiẹ̀ láti àná, ó ń gbé ife kọfí rìn kiri bí ọ̀gá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Akọ̀wé ní ká dúró síta. A dúró. Dádì wọn ń ka ibi tí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ ti là, mo ń ka bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà tó pè wá wọlé, kò gbójú sókè. Ó ní, "Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún."

Mo ní, "Ó ti lọ sílẹ̀."

Dókítà ní, "Ó ti lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni." Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọ̀pá ike jáde ní mẹ́ta géérégé ní gbogbo ọjọ́ Ajé, lọ́wọ́ àwa méjèèjì, òun sì ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ó wá ku ohun tí àwọn alábòójútó bá wí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n gbà á!

Dókítà ka lẹ́tà náà sókè. Wọ́n ní tí a bá gbé méjìdínlọ́gọ́rùn-ún yẹn wá ní ọjọ́ náà, àwọn ì bá da gbogbo rẹ̀ nù láìbéèrè, torí kò sí ojú méjì tó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún yìí dára púpọ̀. Irú àwòrán yìí á máa dúró sọ́dọ̀ wa láti ìsinsìnyí.

Lẹ́yìn náà, Akọ̀wé ṣí déètì tó ti pa mọ́. Ó ń pè é ní méjì méjì, àkọ́kọ́ àti èyí tó tẹ̀lé e, a sì ń gbọ́. Nínú ọgbọ̀n èèyàn, ọ̀rá dídì ti dín kù lára mọ́kànlélógún. Kò yí padà lára mẹ́fà, ó sì pọ̀ sí i lára mẹ́ta. Ó pe ti mẹ́ta yẹn pẹ̀lú ohùn kan náà. Dókítà kọ nọ́ńbà wọn sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kó lè pè wọ́n lónìí.

Mo sunkún. Dádì wọn ní eruku ló wà ní ojú òun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Ẹni àkọ́kọ́ tí a máa ka àwòrán rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yà á. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, ojú rẹ̀ ṣí, ó ń bi nọ́ọ̀sì pé ṣé òun lè wò nínú tẹlifíṣọ̀n náà. Èmi àti Dádì wọn wà lẹ́yìn gíláàsì, kọ̀ǹpútà tèmi kọjú sí ògiri, tiẹ̀ kọjú sí ilẹ̀kùn. Dókítà fa okùn náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dúró síbi tó há jù. Ohùn rẹ̀ gba inú ẹ̀rọ wọlé pé, "Ẹ fún mi ní iye. Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀."

Mo sún un síwájú, mo sún un sẹ́yìn títí ẹ̀jẹ̀ fi mì, mo gba inú. Mo kọ bí àyè ihò náà ṣe tóbi tó: mílímítà onígun mẹ́rin márùn-ún pọ́íǹtì mẹ́jọ.

Nígbà tí a gbé bébà sókè, mẹ́fà pọ́íǹtì kan ló wà lọ́wọ́ ọkọ mi. Mo ní tiẹ̀ ti gbòòrò jù. Ó ní tèmi ti há jù. Mo tún wo àwòrán náà, òun náà tún wò ó dáadáa, fún ìgbà pípẹ́, láìwo ojú mi.

Dókítà ní, "Ṣé ẹnì kan fẹ́ yí tiẹ̀ padà?"

Kò sẹ́ni tó yí tiẹ̀ padà. Dókítà kọ méjèèjì sínú fáìlì.